Ṣé Báyìí Ni Imú Mi Ṣe Rí?

Ọ̀sán pọ́n ganrínganrín ní Ìjió. Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ránṣọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó na fóònù síwájú, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó pòṣé, ó pa á rẹ́. Ó tún nà án. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó bí ìgbà mẹ́wàá, ó dìde wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí tí mò ń jẹ ẹ̀pà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí. Ṣé báyìí ni imú mi ṣe rí?"

Mo wo fọ́tò náà, mo wo òun alára. Imú inú fóònù tóbi ju èyí tó wà lójú rẹ̀ lọ. Etí rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sá pa mọ́ sẹ́yìn orí. Abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú bíi ti ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Fọ́tò tó fẹ́ gbé sórí ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń wá ọkọ, tí wọ́n ti ń wá ìyàwó nìyẹn.

Mo ní, "Imú ẹ kọ́ nìyí. Ọwọ́ ẹ ló kúrú."

Ó rò pé mò ń bú òun ni. N kò bú u. Ohun tó bá sún mọ́ ojú máa ń tóbi ju èyí tó jìnnà lọ. Ọmọdé tó bá ti fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo bo odidi òkè mọ́lẹ̀ rí ti mọ ìyẹn. Ojú èèyàn kò sì tẹ́ bíi pátákó. Imú wà níwájú, etí wà lẹ́yìn, àárín wọn sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Bí kámẹ́rà bá jìnnà sí imú ní sẹ̀ǹtímítà 30, yóò jìnnà sí etí ní 42. Ìyẹn ni pé etí fi ìdá méjì nínú márùn-ún jìnnà ju imú lọ, kámẹ́rà á sì yà á bẹ́ẹ̀ láìgba ẹ̀bẹ̀: imú á wú, etí á súnkì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé kámẹ́rà lọ sí sẹ̀ǹtímítà 150, etí á wà ní 162. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́. Ojú kan náà, fóònù kan náà, imú ti padà sáyè rẹ̀.

Ní ọdún 2018, dókítà oníṣẹ́ abẹ ojú kan ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà, Boris Paskhover, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ní imú inú fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹsẹ̀ bàtà kan máa ń fẹ̀ tó ìdá 30 nínú 100 ju ti èyí tí wọ́n yà láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Ohun tó sún dókítà náà dé ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń gbé sẹ́lífì wá bá a pé kó bá àwọn gé imú àwọn kù. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀bẹ fẹ́ lọ gé ohun tí ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn ì bá ti tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọwọ́ èèyàn kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 150, torí náà ohun tó dára jù ni kí fóònù kúrò lọ́wọ́. Àbúrò mi gbé tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi páálí òwú tì í lẹ́yìn kó má ṣubú, ó yí kámẹ́rà ẹ̀yìn sí ara rẹ̀ torí pé òun ló sábà máa ń ríran ju ti iwájú lọ, ó sì fi táímà sí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ó rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Ara rẹ̀ kéré nínú fọ́tò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a gé etí fọ́tò kúrò lẹ́yìn náà títí ojú rẹ̀ fi kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá dígí kámẹ́rà lẹ́bi pé ó ń fẹ ojú. Ibi tí a gbé e sí ló jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá sì rí ibi gbé fóònù lé, kó na ọwọ́ tán pátápátá, kó má ṣe ká ìgúnpá, kó sì gé etí fọ́tò náà bákan náà.

Gíga kámẹ́rà náà ṣe pàtàkì. Bó bá wà nísàlẹ̀, ihò imú àti abẹ́ àgbọ̀n ni yóò kọ́kọ́ kí àlejò. Bó bá ga jù, iwájú orí á gba gbogbo ilé. Kó wà ní ìpele ẹyinjú tàbí kó ga jù ú lọ ní ìwọ̀nba díẹ̀, kí èèyàn sì na ọrùn síwájú díẹ̀ bí ahun tó ń yọjú wo ọ̀nà. Ó máa ń rí bí ẹ̀tẹ́ lójú ẹni tó dúró tì í, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, eegun àgbọ̀n á hàn, ẹran abẹ́ rẹ̀ á sì nà.

"Bọ̀ọ̀dá, àmọ́ nínú dígí, mo máa ń rẹwà."

Òótọ́ ló sọ, ìdí rẹ̀ sì wà. Dígí máa ń yí ọ̀tún wa sí òsì. Ojú tí a ti mọ̀ láti kékeré, tí a ń bá pàdé láràárọ̀ tí a bá ń fọ ẹnu, ojú tí a yí padà ni. Kò sì sí ojú tó dọ́gba: ojú kan kéré ju èkejì lọ, ẹnu ń yà sí apá kan, àpá ìgbà èwe wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Bí fọ́tò bá wá fi ojú náà hàn bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń rí i, ó máa ń ṣàjèjì sí wa. Ní 1977, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Wisconsin, Mita, Dermer àti Knight, fi fọ́tò oríṣi méjì han àwọn obìnrin kan àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn. Èyí tó jọ ti dígí ló wu àwọn tó ni ojú jù. Èyí tí kò yí padà ló wu àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ohun tó ti mọ́ ojú kálukú lára ló yàn.

Kámẹ́rà iwájú ń dá kún wàhálà yìí. Bí a ti ń múra, ó ń ṣe bíi dígí fún wa. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, fóònù míì á yí i padà, òmíràn á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára aṣọ yín nínú fọ́tò náà: bí ẹ kò bá lè kà á, fọ́tò dígí lẹ ní lọ́wọ́. N kò sọ pé kí ẹ jù ú nù. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ẹ ń wá kò bá yín fọ ẹnu rí, kò mọ ti inú dígí. Torí náà, ẹ má fúnra yín yan fọ́tò. Ẹ fún ọ̀rẹ́ kan tí kì í bẹ̀rù yín.

Ojú tó dúdú lábẹ́ ńkọ́? Oòrùn ló ṣe ìyẹn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì gùn ju ti imú lọ. Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ìjió wà, wà ní sàkání ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Kò sí oṣù kan tí oòrùn ọ̀sán kì í ga lọ́dọ̀ wa, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún sì ni ó máa ń dúró ṣánṣán sí àtàrí, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ìparí oṣù kẹjọ, débi pé òjìji èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Aago pàápàá ń tàn wá jẹ. Aago 12 kọ́ ni oòrùn ga jù ní Ìjió. Aago kan ku díẹ̀ ni, torí pé ilẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn wa pátápátá ni aago Nàìjíríà bá mu, àwa sì wà níhìn-ín ní apá ìwọ̀-oòrùn, lẹ́bàá orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá ní òun ń dúró kí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn aago 12, ó ń dúró kó le sí i ni.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá máa ń sọ eegun ìpéǹpéjú di òrùlé. Ẹyinjú á wọ abẹ́ rẹ̀, imú á ju òjìji sórí ètè, iwájú orí á máa dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ohun tí a ń wá ni ìmọ́lẹ̀ tó ti iwájú wá, tó sì ti ibi tó fẹ̀ wá. Oòrùn fúnra rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó, bí owó ẹyọ ló rí láti ibi tí a wà, ìdí nìyẹn tí òjìji rẹ̀ fi mú bí ọ̀bẹ. Ojú ọ̀run fẹ̀. Ojú ọ̀run láìsí oòrùn nínú rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ju òjìji.

Ibi tí gbogbo ilé ti ní irú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí àbúrò mi wọlé ní ìṣísẹ̀ kan péré, kí òrùlé bo orí rẹ̀, kó sì kọjú síta. Ẹnu ọ̀nà ti di fèrèsé ilé ìyàwòrán. Bó bá kẹ̀yìn sí ìta ńkọ́, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe torí pé igi tó wà níta wù wọ́n kó hàn? Kámẹ́rà á rí ìmọ́lẹ̀ ìta, á fawọ́ sẹ́yìn, ojú ẹni náà á sì di èédú.

Ẹ wá wo ohun kékeré kan. Ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà pupa, bí ilẹ̀ wa ti máa ń rí, pupa náà sì ń ta sókè sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Mo mú aṣọ funfun tó tó ọ̀pá kan nínú èyí tó kó jọ, mo ní kó tẹ́ ẹ sórí itan nígbà tó jókòó. Lójú ẹsẹ̀, abẹ́ ojú rẹ̀ là, ihò ọrùn rẹ̀ là, ìmọ́lẹ̀ méjì kéékèèké sì yọ nínú ẹyinjú rẹ̀. Ó ní, "Hàà!" Ó gbé aṣọ náà kúrò, ó wo fóònù, ó dá a padà, ó tún wò ó. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́rin. N kò tún ṣàlàyé nǹkan kan mọ́. Ẹni tí kò ní aṣọ, àpò ìrẹsì tó funfun á ṣe é. Ohun tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó lọ dúró sábẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé ti àwọn tó ń ta káàdì, tàbí abẹ́ tapólì búlúù. Ojú á dà bíi ti ẹni tí ibà ń gbé dè.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀run fúnra rẹ̀ máa ń bá wa ṣe iṣẹ́ aṣọ funfun yẹn. Eruku tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ máa ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, ojú ọ̀sán á rọ̀ wẹ̀lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ náà ló ń la ètè, òun ló ń bu eruku sójú kámẹ́rà. Ẹ fi òrí pa ètè, kí ẹ sì fi etí aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà. Ìdajì àwọn tó ń sọ pé kámẹ́rà àwọn ti bàjẹ́, àtàǹpàkò tó gba epo pupa ló wà lójú rẹ̀. (Ìṣirò tèmi nìyẹn o, mo kàn mọ àwọn èèyàn mi ni.) Lásìkò tó kù, ààrọ̀ kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ tó lù, tàbí ìrọ̀lẹ́ láti aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹ tètè ṣe tìrọ̀lẹ́, torí pé oòrùn tiwa máa ń wọ̀ ní ìdúró ni, kì í rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bíi ti ìlú òyìnbó.

Ó ku àwọ̀. Kámẹ́rà kò mọ èèyàn. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ló mọ̀. Ó gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, kò gbọ́dọ̀ funfun jù, kò sì gbọ́dọ̀ dúdú jù. Bí aláwọ̀ dúdú bá dúró níwájú ògiri funfun, ògiri ló máa tún ṣe, ojú á ṣókùnkùn. Bí ojú dúdú bá kún inú fọ́tò tán, á ní ó ti dúdú jù, á bu funfun kún un, àwọ̀ á sì ṣá. Ìdí nìyẹn tí ògiri amọ̀, ilẹ̀kùn onígi tàbí ewé fi dára lẹ́yìn wa ju ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun lọ. Ẹ fi ìka tẹ ojú yín lórí fóònù, kí ẹ sì fa àmì oòrùn kékeré tó máa yọ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí àwọ̀ náà á fi jẹ́ tiyín.

Ìtàn wà lẹ́yìn ìyẹn. Láti àwọn ọdún 1950 ni iléeṣẹ́ Kodak ti ń fi káàdì obìnrin aláwọ̀ funfun kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n máa fi díwọ̀n àwọ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ jókòó fún un. Ohun tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe nígbà tó yá ni ẹjọ́ àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àga onígi, pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa. Àga rí àánú gbà kí àwa tó rí i. Transsion, iléeṣẹ́ Ṣáínà tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, rí àyè yẹn, wọ́n ṣe kámẹ́rà tó ń wá ojú dúdú rí níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó sì wà lára ohun tó gbé wọn wọ ọjà wa. Google náà gbé èyí tó pè ní Real Tone jáde lórí Pixel 6 ní 2021.

Kámẹ́rà kan náà tó mọ àwọ̀ wa lónìí tún ní ibi tí wọ́n kọ Beauty sí. Ẹ̀ẹ̀kan tí ìka bá fara kàn án, àwọ̀ á bó, imú á tínrín, àgbọ̀n á ṣe ṣóńṣó. Ìbóra láìra ìpara. Àbúrò mi ní irú rẹ̀ kan lọ́wọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo pe ọmọ ọdún márùn-ún kan tó ń fi ìlàjì àgbàdo ṣeré níwájú ilé, mo fi fọ́tò náà hàn án.

"Ta nìyí?"

Ó wò ó títí. "Àǹtí inú fíìmù."

Mo fi èyí tí a yà lẹ́nu ọ̀nà hàn án. "Àǹtí télọ̀!"

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ẹwà. Àwọn agbẹ́gilére wa ti ní fíltà kí fóònù tó dé: wọ́n ń gbẹ́ àgbàlagbà ní ìrí ìgbà tí ara rẹ̀ le jù, wọ́n ń mú kí ara ère dán, kò sí ìhunjọ, kò sí àrẹ̀. Ṣùgbọ́n Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó bá àwọn Yorùbá tó mọ ère sọ̀rọ̀, ṣàkọsílẹ̀ òdìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń dá a dúró: jíjora. Kó má jọ ẹni náà tán bí ẹni pé wọ́n sín in jẹ, kó má sì ṣe aláìjọ ọ́. Stephen Sprague, ayàwòrán tó bá àwọn onífọ́tò ṣe pọ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ ní 1978 pé òdìwọ̀n yìí bá wọn wọ inú iṣẹ́ kámẹ́rà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí, jíjìnnà, ẹnu ọ̀nà, aṣọ funfun, kò sí èyí tó kọjá jíjora. Ojú rẹ ni, ní ọjọ́ tó dára. Fíltà tó ń yí imú padà ti kọjá ibẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ń bọ̀ wá pàdé rẹ ní gáréèjì Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ kan, Àǹtí inú fíìmù ni yóò sì máa wá kiri.

Yíya ara ẹni ránṣẹ́ sẹ́nì kan pàápàá kì í ṣe tòní. Samuel Fosso, tí wọ́n bí ní Kamẹrúùnù ní 1962, tí ìyá àgbà rẹ̀ tọ́ ní Nàìjíríà, ṣí ilé ìyàwòrán ní Bangui ní 1975 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Bí fíìmù bá ṣẹ́kù lálẹ́, ara rẹ̀ ló ń fi í yà, ó sì ń fi àwọn kan ránṣẹ́ sí ìyá àgbà náà kó lè rí i pé àlàáfíà lòun wà. Ní Bamako, láti 1948, Seydou Keïta ní aṣọ, aago ọwọ́ àti rédíò tí oníbàárà lè yá kó tó jókòó. Mo rò pé gbogbo ìlú mọ̀ pé ti Keïta ni aago náà, kò sẹ́ni tó tàn jẹ. Jíìpù ẹlòmíràn tí èèyàn lọ fẹ̀yìn tì ní Ṣakí lónìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Láyé àwọn ìyá wa, alárinà ló ń ṣe iṣẹ́ tí fọ́tò ń ṣe báyìí, ó sì ní ẹnu láti fi ṣàlàyé. Fọ́tò kò lẹ́nu. Lórí Tinder tàbí Badoo, ìka kan ló ń tì í sẹ́yìn kó tó jókòó dáadáa, torí náà kí èkíní jẹ́ ojú nìkan: kò sí awò dúdú, kò sí ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí èèyàn á máa ro èwo ni ọ nínú wọn. Kí èkejì fi gbogbo ara hàn. Ibẹ̀ ni aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ìlà rẹ̀ bá wẹ́ tó sì jìnnà sí kámẹ́rà, ìlà náà lè máa yí bí omi nínú fọ́tò. Kí ẹ̀kẹta fi ohun tí èèyàn ń ṣe hàn. Àbúrò mi ní èyí tó yà lórí òkè Adó-Àwáyè, lẹ́bàá adágún Ìyáàkẹ́, tí òógùn bò ó, tó ń rẹ́rìn-ín. Òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ó yẹ ká bojú wo ẹ̀yìn náà. Fóònù lè kọ ibi tí a ti ya fọ́tò sínú rẹ̀ láìsọ fúnni. Ẹ wọ ètò kámẹ́rà, kí ẹ pa ibi tí wọ́n kọ Location sí. WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fọ́tò, ṣùgbọ́n bí a bá fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, yóò bá a lọ. Ẹ má sì lo fọ́tò tó ti wà lórí Facebook yín, torí pé ẹni tó bá fi fọ́tò náà wá a lórí Google lè bá a dé ilé yín, dé orúkọ àwọn òbí yín.

Ibi tí mo ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni mo tún wo fọ́tò ẹnu ọ̀nà yẹn, èyí tó dára jù lọ, èyí tó ti fẹ́ gbé sókè. Lẹ́yìn èjìká rẹ̀ ọ̀tún, pátákó ṣọ́ọ̀bù tó fi pa mọ́ sínú ilé nítorí òjò wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, orúkọ àdúgbò wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ méjèèjì sì wà níbẹ̀ gàdàgbà ní ọ̀dà pupa.

Ó kígbe, "Yéè! Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró síbẹ̀!"

Òótọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn. A gbé pátákó náà jáde, ó ká aṣọ funfun náà sínú ọ̀rá, a sì fi í sí aago méje ààbọ̀ ọjọ́ kejì.